Ẹ Má Fi Ọ̀dà Pa Déètì Àkọ́kọ́ Rẹ́

Bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́bàá títì kan ní Abẹ́òkúta níbí, a ò ní dárúkọ àdúgbò náà torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ sórí ẹ̀, wọ́n kọ orúkọ kọngílá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí sí. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ máa rí i pé ọ̀dà nípọn níbi tí déètì yẹn wà ju gbogbo ibi tó kù lọ, torí wọ́n ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi ọ̀dà funfun pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, wọ́n á kọ tuntun lé e. Ọ̀dà táwọn ará àdúgbò ń retí lórí títì, orí bọ́ọ̀dù ló ń lọ.

Pé iṣẹ́ pẹ́ kọ́ ló dùn wá jù, iṣẹ́ lè pẹ́. Ohun tó dùn wá ni pé tẹ́nì kan bá ti Ṣàgámù dé lónìí tó wo bọ́ọ̀dù yẹn, á ní àwọn èèyàn yìí ń gbìyànjú, oṣù mẹ́rin ṣì kù kí ọjọ́ wọn pé, kò ní mọ̀ láé pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ti kọjá tipẹ́.

Ohun tá à ń sọ nìyí, a ò ní fi bò rárá: gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fowó ará ìlú ṣe nípìńlẹ̀ Ògùn, ìbáà jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀, kí wọ́n gbé ètò ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí síta kí gbogbo èèyàn rí i, kẹ́nikẹ́ni má sì pa á rẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Tó bá di dandan kí wọ́n sún ọjọ́, kí wọ́n sún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀, kẹ́ni tó fọwọ́ sí i sì kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀.

Baseline làwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ńláńlá ń pe ètò àkọ́kọ́ yẹn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ òyìnbó tó jìnnà sí wa o, ṣùgbọ́n kò sí bíríkìlà tó mọṣẹ́ ní Abẹ́òkúta yìí tí ò mọ ohun tí baseline ń ṣe, kódà kó má gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Kó tó to búlọ́ọ̀kù, á kan èèkàn síbí, á kan èèkàn sọ́hùn-ún, á ta okùn láàárín méjèèjì kó le dan-in. Tí búlọ́ọ̀kù bá yọrí síta, kì í sún okùn lọ bá búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù ló máa gbá wọlé. Ọmọṣẹ́ tó bá lọ rọra sún okùn kí ọ̀gá má bàa rí i pé ògiri ẹ̀ wọ́, ẹ mọ ohun tójú ẹ̀ máa rí lọ́jọ́ náà. Tí onílé fúnra ẹ̀ bá wá ní òun fẹ́ kí yàrá tóbi ju bó ṣe wà lọ, ìyẹn yàtọ̀, wọ́n á pe gbogbo èèyàn jọ, wọ́n á tú okùn lójú gbogbo wọn, wọ́n á kan èèkàn tuntun, wọ́n á sì sọ iye búlọ́ọ̀kù tó máa bà jẹ́ àti ẹni tó máa sanwó ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà náà nìyẹn, ì báà jẹ́ Primavera P6 ni wọ́n ń lò tàbí Microsoft Project, àwọn ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣètò ọjọ́ iṣẹ́. Wọ́n á tọ́jú ètò tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́tọ̀, lóṣooṣù wọ́n á wá máa kọ ohun tí wọ́n ti ṣe lóòótọ́ síbòmíràn, kọ̀ǹpútà á to méjèèjì síra, ìlà kan fún ohun tí wọ́n ṣèlérí, ìlà kan fún ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì yẹn gan-an ni ìròyìn. Microsoft Project nìkan lè tọ́jú baseline 11 fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa pé kò sáàyè láti tọ́jú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé ètò tòní lé ti àná lórí, àlàfo yẹn ló ń dí, kí ojú má bàa rí i.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń mú déètì àkọ́kọ́ fúnra ẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ọjọ́, bóyá ọjọ́ tí ìjọba pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lórí oyè, tàbí kí ìbò tó dé, wọ́n á wá ní kí ẹnjiníà lọ fún iṣẹ́ pọ̀ kó lè wọnú ẹ̀. Iṣẹ́ kì í gbọ́ irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú títì kan péré níbí, títì tó ní gọ́tà lọ́tùn-ún lósì. Abẹ́ Olúmọ là ń gbé, gbogbo wa la mọ̀ pé ilẹ̀ wa kún fún àpáta, katapílà lè gbẹ́ mítà díẹ̀ kó kan ohun tí ò ṣe é gbẹ́, ó di kí wọ́n lọ wá ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Páìpù omi wà nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó kúrò, òpó iná náà ńkọ́, àwọn tó ni òpó kì í ṣe àwọn tó ni títì, lẹ́tà á máa lọ á máa bọ̀. Kọnkéré gọ́tà àti ti afárá kékeré tí wọ́n bá dà lónìí, ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń lò láti fi mọ̀ bóyá agbára ẹ̀ pé. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, kì í sì dáwọ́ dúró tán títí oṣù kẹwàá, àyàfi ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, wọn kì í sì í da ọ̀dà sórí ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá kọ oṣù mẹ́fà fún irú iṣẹ́ yìí, tó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóṣù kẹrin, ti purọ́ kí katapílà tó dé sáìtì.

Láti 1957 ni àwọn ẹnjiníà DuPont àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Remington Rand nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n ń pè ní critical path, ìyẹn ni kí wọ́n to iṣẹ́ tẹ̀léra wọn kí wọ́n rí èyí tó jẹ́ pé tó bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, gbogbo iṣẹ́ á pẹ́ lọ́jọ́ kan. Iná títì lè pẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí nǹkan kan má ṣe, ó ní àyè. Gọ́tà ò ní àyè rárá. Tí wọ́n bá fẹ́ ká gbà pé déètì tí wọ́n kọ sórí bọ́ọ̀dù ní orí ní ìdí, irú ètò yìí ló yẹ kó wà lẹ́yìn ẹ̀, kí òjò náà sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ wo rélùwéè tó ń gbà Ládérin kọjá níbí. Máàṣì 2017 ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ adelé Ààrẹ nígbà yẹn, ṣí iṣẹ́ náà. Rotimi Amaechi tó jẹ́ mínísítà sọ fún gbogbo ayé pé Dìsẹ́ńbà 2018 ló máa parí. Júùnù 10, 2021 ni Ààrẹ Buhari wá ṣí i, kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, inú wa sì dùn pé orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, ni wọ́n fi sọ stéṣọ̀n wa. A ń wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn, a ò ní bú u. Ṣùgbọ́n oṣù 30 ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa àtọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Kòrónà wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fìyẹn jiyàn, ṣùgbọ́n Kòrónà ò tíì dé nígbà tí Dìsẹ́ńbà 2018 kọjá. Oṣù mélòó ni ti Kòrónà, mélòó ni ti owó, mélòó ni ti iṣẹ́ tí wọ́n fi kún un? Irú ìbéèrè yẹn ló yẹ kí ọmọ ìlú kan lè ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo kó rí ìdáhùn ẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé tí wọ́n bá gbé gbogbo ẹ̀ síta, èébú lásán ni wọ́n máa jẹ, pé Nàìjíríà ò ṣe é ṣètò fún. A gbọ́. Ẹni tó ṣètò iṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ 2023 ò mọ̀ pé owó ìrànwọ́ epo á lọ ní May 29, pé náírà náà á já bọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó láti ṣe baseline tuntun, kò sẹ́ni tó lóye tó máa bínú sí i, tí wọ́n bá ti kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì tọ́jú ti àtijọ́. Èyí tá ò gbà ni kí wọ́n máa ṣe tuntun lóṣooṣù kí iṣẹ́ má bàa hàn pé ó pẹ́.

Àwọn kọngílá tó ń ṣòótọ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàtìlẹyìn fún wa, torí àwọn ni nǹkan yìí ń dáàbò bò. Nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé ti 1999 tí FIDIC, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà olùdámọ̀ràn lágbàáyé, ṣe, ọjọ́ 28 ni kọngílá ní láti gbé ètò ọjọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní kó bẹ̀rẹ̀, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n fọjọ́ kún ọjọ́ fún òun, ọjọ́ 28 náà ló ní láti fi kọ̀wé. Tí ìjọba ò bá sanwó lásìkò, tí òpó iná bá dúró sójú ọ̀nà fún oṣù mẹ́ta, baseline ló máa fi hàn pé ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Tí kò bá sí, orí ẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa dà á lé.

Àwọn tí déètì yẹn tiẹ̀ wà fún jù ni à ń gbàgbé. Ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́bàá ibi tí wọ́n gbẹ́, tó ka oṣù mẹ́fà lórí bọ́ọ̀dù, ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré síbòmíràn fún oṣù mẹ́fà, ó yá owó àjọ sí i, ó sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ pé òun ń bọ̀. Oṣù mẹ́fà pé, ó padà dé, kòtò ló bá. Ọlọ́kadà tó ń gbọ̀nà ẹ̀yìn, ọmọ iléèwé tó ń gba orí pákó kọjá lórí gọ́tà, aláboyún tí mọ́tò ò lè dé ilé ẹ̀, gbogbo wọn ló fọkàn sí ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba bá àwọn èèyàn yìí sọ ni, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà funfun pa á lẹ́nu mọ́.

Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, ọjọ́ 7 ló fún wọn láti fèsì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ọ́ kedere lóṣù kẹrin 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. A máa lò ó, a máa kọ̀wé béèrè baseline iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ nílùú yìí, èyí tí wọ́n bá fún wa àtèyí tí wọn ò fún wa, a máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlú tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859 nìlú yìí, ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú pépà kò ṣe é fi ọ̀dà kùn.

Ní báyìí ná, ẹ̀yin ará Láfẹ́ńwá, Kútọ̀, Ìtọ́kú, Ọbáńtokò, Adigbẹ, gbogbo yín pátá, tí bọ́ọ̀dù iṣẹ́ ìjọba bá wà ládùúgbò yín, ẹ yọ fóònù, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lónìí kí déètì orí ẹ̀ hàn ketekete, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A máa tọ́jú ẹ̀ síbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé.