Igba Ojú, Igbá Ojú

Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Àwọn mìíràn a máa sọ pé ojú méjì ní ń bímọ. Mi ò bá wọn jà, igba tó wà lẹ́yìn yẹn ni tèmi. Òwe yìí ni màmá ọkọ mi fi pàdé mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé a ti yọ àwọn ọmọ kúrò nílé ìwé, pé ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò ti máa kàwé. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé ife omi tí mo bù fún wọn kalẹ̀ láìmu, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ìwọ àtọkọ ẹ, ojú mẹ́rin nìyẹn. Igba ó dín mẹ́rin tó kù ńkọ́? Àbí ẹ fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ wọn síta ni?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, mà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, òun náà ni mo sì fẹ́ tú síwájú ẹ̀yin òbí tó ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ máa kọ́ ọmọ yín nílé. Òótọ́ ni màmá sọ. Ibi tí wọ́n rò pé igba ojú náà wà nìkan ni a ò ti jọ rí i bákan náà.

Ẹ má rò pé ẹ̀tanú lásán ló ń ṣe wọ́n o. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Nínú agboolé wọn, àwọn lọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó di síléètì mú. Títí dòní wọ́n ṣì máa ń fọwọ́ júwe bí síléètì náà ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tí ilé ìwé yọ kúrò lóko kòkó, bẹ́ ẹ bá sọ fún un pé ẹ fẹ́ yọ ọmọ kúrò nílé ìwé, ó gbọ́dọ̀ fura sí yín.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ò ní ìtàn ńlá nínú. Nígbà tí wọ́n ti gbogbo ilé ìwé pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni àkọ́bí wa. Aránṣọ ni mí, Ìbàdàn la wà, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ la fi ń rí i. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì lọmọ náà ń jókòó sí ní gbogbo oṣù tí ayé fi wọlé tì. Kí n tó mọ̀, ó ti ń ka nọ́ńbà orí tépù, ó sì ti ń ka orúkọ oníbàárà nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí. Nígbà tí ilé ìwé ṣí, a dá a padà. Kò pẹ́ sígbà náà ló dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tòun ti páálí lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé òun ò ní sọ èdè ìbílẹ̀ mọ́. Yorùbá ló fi bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè pé kí ni aago wí. Ó gbàgbé láti bọ́ ọ, ó sì gbé e kọ́rùn kọjá níwájú gbogbo àdúgbò.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí mi. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti mú àwọn ọmọ ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, páálí ṣì ń bẹ lọ́rùn ọmọ.

Wàyí o, àṣìṣe tèmi. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kàwé nílé, ilé ìwé ni mo kó wọnú ilé. Mo ra pátákó, mo ra aago tí mo ń fọwọ́ mì láago mẹ́jọ. Mo tilẹ̀ rán yunifọ́ọ̀mù! Àwọn ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, mo ní kí wọ́n tò sórí ìlà. Ìlà ẹni méjì. Láàárín oṣù mélòó kan, bí àkọ́bí bá ti gbúròó aago yẹn, abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló ń sá sí. Ọjọ́ kan ló bi mí láti abẹ́ ibẹ̀ pé, “Mọ́mì, ṣé tíṣà lẹ jẹ́ lónìí ni, àbí màmá wa?”

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń lo òwe yẹn bí ẹni pé wọ́n ń bú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ò níṣòro. Ó mú, èkù ọ̀bẹ mìíràn wà níbẹ̀ tó lè gbẹ́. Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí, bí mo bá sọ ohun kan fún un nígbà mẹ́wàá, kò ní wọlé. Bàbá fọganáísà ìsọdá wa yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ náà yóò wá máa fi kọ́ èmi ìyá rẹ̀. Níbẹ̀ ni òwe màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Gbogbo igba ojú náà ni mo fẹ́ fi ojú méjì tèmi ṣe.

Mo bọ́ yunifọ́ọ̀mù. Aago náà wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta áísìkiriìmù báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nísinsìnyí, kẹ́ ẹ má baà rò pé ọ̀run là ń gbé. Àkọ́bí ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ mẹ́jọ, àbíkẹ́yìn jẹ́ mẹ́ta. Wọ́n á jí, wọ́n á kí ni, wọ́n á gbálẹ̀. Ìwé kíkà gan-an kì í ju wákàtí méjì lọ láàárọ̀, kí oníbàárà tó pọ̀. Nígbà tí mo bá wà lọ́dọ̀ àkọ́bí, èkejì á máa kàwé sókè fún àbíkẹ́yìn, àbíkẹ́yìn á máa ṣa bọ́tìnnì sínú agolo, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Bí ọjọ́ ṣe máa ń dára nìyẹn. Lọ́jọ́ tí kò dára, mo gbójú kúrò fún ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí ìṣirò pínpín kan, irú èyí tí orí ìyá pàápàá kò gbé, àbíkẹ́yìn bá gbé sísọ́ọ̀sì, ó gé léèsì oníbàárà láàárín gbùngbùn. Mo ra òmíràn dí i. Àkọ́bí ló bá mi ṣírò iye ọ̀pá, ó sì ṣe é láìṣì, nítorí náà ẹ lè sọ pé owó yẹn ò ṣòfò tán.

Ìṣirò ni mo fẹ́ fi dá yín dúró díẹ̀. Ìwé tí a ń lò ò kọ́ wọn ní nọ́ńbà Yorùbá, èmi ni mo fi kún un, mo sì rò pé eré ni. Mo kọ 45, mo ní kí àkọ́bí pè é. Ó ní márùndínláàádọ́ta. Mo ní kó tú u. Ó mú márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Mo ní kó tú àádọ́ta náà. Ó dákẹ́, ó ka ìka, ó ní ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún lọ́nà mẹ́ta. Lójijì ló pariwo pé, “Mọ́mì, inú orúkọ ẹ̀ ni ìṣirò wà!” Ìsódipúpọ̀ kan, àyọkúrò méjì, nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀wé ń pè lójoojúmọ́ láìkọsẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti fi páálí kọ́ lọ́rùn nítorí èdè yìí ló ń fò sókè yẹn.

Àwọn ojú tó kù wà níta. Mo máa ń rán wọn níṣẹ́, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Lọ́dọ̀ Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, a ra kóńgò mẹ́rin, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èkejì bi wọ́n pé mélòó la wá rà. Wọ́n ní, “Èyí tó o sanwó ẹ̀ lo rà. Èènì nìyẹn, inú mi ló ti wá.” Lọ́dọ̀ Bàbá fọganáísà, àkọ́bí wò bí wọ́n ṣe ki túùbù bọ inú abọ́ omi láti wá ibi tó ti jò. Ó ti kà á nínú ìwé pé afẹ́fẹ́ ń gba àyè, ó ti há a sórí bí àdúrà. Omi hó púkúpúkú níbì kan, bàbá ní, “Ṣó o rí i? Afẹ́fẹ́ ò lè sá pamọ́ sínú omi.” Ó délé, ó ki kọ́ọ̀bù tó dorí kodò bọ inú báàfù, ó sì pe gbogbo wa wá wò ó.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá bi mí, ohun tí n óò kọ́kọ́ bi ẹ̀yin náà ni pé ta ni ọmọ yín mọ̀ ládùúgbò. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni, tí géètì wà ní títì láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ jẹ́ kó wà nílé ìwé. Màmá ọkọ mi jàre yín. Bí tọkọtaya bá ń jáde láago márùn-ún ìdájí, tí fóònù ló kù sílé pẹ̀lú ọmọ, fóònù ló ń kọ́ ọ, ẹ̀yin kọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Òfin ńkọ́? Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí ní Nàìjíríà pé kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta girama kékeré. Ilé ìwé ni òfin náà ń dárúkọ, nítorí náà ẹ lọ bá àwọn SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí tiẹ̀ ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́, torí òfin wọn ti ọdún 1996 ti sọ ọ́ pé ilé ìwé tàbí ọ̀nà mìíràn. Ẹ tọ́jú ìwé tí ọmọ ń kọ, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Àwa ní i lọ́kàn kí àkọ́bí jókòó fún ìdánwò àbáwọlé tí NECO ń ṣe fún àwọn girama ìjọba àpapọ̀; bó bá wù ú láti lọ, kó lọ. Fún ẹni tó bá fẹ́ dúró sílé títí, WAEC ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí nílé ìwé, GCE tí gbogbo wa mọ̀ yẹn. Ọ̀nà kò dí.

Màmá wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà ni wọ́n ti pa á lálọ̀ọ́ fún wọn pé òkun ń hó yeeyee, ọ̀sà ń hó yeeyee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, àbíkẹ́yìn ló sì nawọ́ sí orógùn kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó la ẹnu. Inú wọ́n dùn. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n ṣì bi mí pé oṣù wo ni àwọn ọmọ ń padà sílé ìwé.

Nígbà tí èkejì wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo kọ òwe wọn sára pátákó láìfi àmì kankan sí i, mo ní kó fi dò, re, mí tó tọ́ sí i. Igba, re re, ni iye. Igbá, re mí, la fi ń bu omi. Ìgbà, dò dò, ni àkókò. Igbà, re dò, ni okùn tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ó rò ó títí, ó kọ igbá ojú. Kí n tó yanu, ó ti ya igbá ràgàjì kan sínú páálí tí léèsì bá wá, ó ní inú ẹ̀ ni wọ́n ń kó ojú àwọn tó ń wo ọmọ sí, kó má baà sọnù. Mi ò tún un ṣe. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló wà láti ìgbà náà. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ọ ní nǹkan, ojú méjì ló ń yà fún un síbẹ̀: ti Bàbá fọganáísà wà ńbẹ̀, ti Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ti màmá pẹ̀lú ìgò ojú wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni àwọn ojú náà. Ọkùnrin tó ń tún máṣíìnì ṣe wá, ó jẹ́ kó di tọ́ọ̀ṣì mú, ó fi hàn án bí bọ́bìnì ṣe ń gbé òwú ìsàlẹ̀ pàdé tòkè. Ó ti ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ sínú báàgì nígbà tí ọmọ náà dí ẹnu ọ̀nà. “Ẹ dúró ná, sà. Mi ò tíì ya ojú yín.” Ó yà á tán, ó kà á, ó tún un kà. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣa ọmọ ayò sínú ọpọ́n, ó ní, “Méjìdínláàádọ́ta! Ó ti kún ọpọ́n kan.”