Tágẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ló ń mú òṣìṣẹ́ ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ fẹ́

"Gbé tágẹ́ẹ̀tì fún òṣìṣẹ́, so owó mọ́ ọn, máa kà á lójoojúmọ́, wàá rí i pé yóò ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ fẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ò wọ́n lẹ́nu àwọn ọ̀gá, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ohun tí o bá ń kà ni òṣìṣẹ́ yóò máa kó wá bá ọ, ohun tó wà lọ́kàn rẹ lè má sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ wo báǹkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ kí oníbàárà fọkàn tán wọn débi pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ yóò wà. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ta ló lè ka ìfọkàntán? Àkáǹtì, káàdì àti irú wọn ló ṣeé kà, ni wọ́n bá ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní mẹ́jọ nínú wọn, torí pé "eight" àti "great" dún bára mu. Òṣìṣẹ́ tí iye tirẹ̀ ò bá pé, wọ́n lè ní kó dúró di alẹ́, wọ́n sì lè ní kó máa lọ sílé pátápátá.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òṣìṣẹ́ tó ní owó ilé láti san bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì tí oníbàárà ò mọ̀ sí, pẹ̀lú ímeèlì ayédèrú. Wọ́n á yọ owó oníbàárà lọ sínú rẹ̀, báǹkì á tún gé owó lórí rẹ̀. Ní 2013, ìwé ìròyìn Los Angeles Times sọ pé wọ́n pàrọwà fún obìnrin aláìnílé kan títí ó fi ṣí àkáǹtì mẹ́fà, tí owó tí wọ́n ń gé lórí wọn jẹ́ dọ́là 39 lóṣù. Ẹni tí ò rí ibi sùn! Ó ṣì ń dùn mí.

Báǹkì náà kọ́kọ́ ní oníwà burúkú ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n lé bí òṣìṣẹ́ 5,300 láàárín ọdún márùn-ún. Wọ́n lófin tó ka irú ẹ̀ léèwọ̀, wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìwà tó yẹ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti lé ti àná, tágẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń gbé lé ti òní lórí. Báwo ni ìwà á ṣe yí padà?

Ní 2016, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé wọn, ọ̀gá àgbà wọn, John Stumpf, fipò sílẹ̀, báǹkì náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ tágẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Ní 2020, wọ́n tún gbà láti san bílíọ̀nù 3 dọ́là fún ìjọba.