Orúkọ télọ̀ ni Schröder, kì í ṣe orúkọ ọba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ kọ ọ́ pé orúkọ ọba àtijọ́ kan ní Jámánì ni Schröder, pé ó ṣọ̀wọ́n, àti pé ìdílé kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ní èdè àríwá Jámánì láyé àtijọ́, "schroden" ni kí èèyàn gé nǹkan. Ẹni tó ń gé aṣọ tó sì ń rán an ni wọ́n ń pè ní schröder. Schneider tí àwọn ará Jámánì yòókù ń pe télọ̀ tiwọn, inú gígé náà ló ti wá. Àlùmọ́gàjí ni gbogbo wọn wò, kò sẹ́ni tó ka abẹ́rẹ́ sí!

Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà, Schröter, tó jẹ́ oríṣi orúkọ yìí kan, lè máà jẹ́ télọ̀ rárá. Ẹni tó ń yí àgbá wáìnì jáde láti yàrá abẹ́ ilẹ̀, tó ń tì í gun kẹ̀kẹ́ ẹrù, ni.

Ṣíṣọ̀wọ́n kẹ̀? Ó wà lára orúkọ tó wọ́pọ̀ jù ní Jámánì, àgàgà lápá àríwá. Gerhard Schröder gan-an, méjì ló ti wà nínú ìṣèlú wọn: ọ̀kan ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè láti 1961 sí 1966, èkejì ṣe olórí ìjọba láti 1998 sí 2005. Wọn ò bá ara wọn tan, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ò sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Schroeder tí ẹ ń rí ní Amẹ́ríkà, orúkọ kan náà ni. "Oe" ni wọ́n fi rọ́pò "ö".