Mel Blanc kò sá fún kárọ́ọ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún èyí ṣe kó tó di òótọ́ lẹ́nu gbogbo wa. Ẹni tó kọ ọ́ pé kárọ́ọ̀tì kì í bá Mel Blanc, òṣèré ará Amẹ́ríkà tó máa ń fọhùn àwọn ẹ̀dá inú katúùnù nígbà ayé rẹ̀, lára mu, àti pé ẹ̀rọ ló ń dá gbogbo ohùn rẹ̀ fún un, ṣì í.

Lóòótọ́, ó máa ń tu kárọ́ọ̀tì dànù. Àmọ́ àyè ni kò sí. Bí Bugs Bunny, ehoro inú katúùnù tí Mel ń fọhùn rẹ̀, bá ti gé kárọ́ọ̀tì jẹ, ọ̀rọ̀ ló kàn. Ta ló fẹ́ dúró kí Mel rún un tán kó tó gbé e mì? Á gé e, á tu ú, á máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n dán nǹkan jíjẹ mìíràn wò, kò sí èyí tó dún bíi kárọ́ọ̀tì.

Ní ti ẹ̀rọ, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: wọ́n máa ń mú kí ohùn Tweety àti ti Daffy Duck, ẹyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ inú katúùnù, yára ju bí Mel ṣe sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn mí kanlẹ̀, tàbí ibi tí ẹ̀rín wà. Ahọ́n Mel ló mọ̀ ọ́n.

Ní 1961, ìjàǹbá mọ́tò ní Los Angeles fọ́ ọ léegun yánnayànna. Orí bẹ́ẹ̀dì ló nà gbalaja sí, tí wọ́n gbé maikirofóònù wá bá a níbẹ̀, tó sì ń fọhùn Barney Rubble nínú katúùnù The Flintstones. Ẹ̀rọ wo ló ṣe ìyẹn?