Ta Ló Ní Ọ́ọ̀sì Ni Ọ́ọ̀sì?

Ẹ má sọ pé kí n fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ lánàá fún odindi wákàtí mẹ́ta láàárín omi dáàmù Ikere Gorge, èmi, apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́rin tó ti ń rùn, àti ìyá ẹlẹ́ja kan tó ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n. Gbogbo rẹ̀, torí ọ́ọ̀sì epo!

Ọ́ọ̀sì tó ń fa epo láti inú táńkì lọ sí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi mi ti gbó. Ó ti sán wẹ́wẹ́, epo ń yọ lára rẹ̀ bí òógùn. Mo gbéra láti Ìsẹ́yìn wá sí Òwódé níbí, ní Ọ̀yọ́, láti ra tuntun. Mo tiẹ̀ gé díẹ̀ dání lára ti àtijọ́. Ọmọkùnrin tó ń ta páàtì ò wò ó rárá, fóònù ló ń tẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ọ̀sì ni ọ́ọ̀sì. Mítà mélòó?"

Ọ́ọ̀sì ni ọ́ọ̀sì! Kó lọ sọ fún ahunṣọ Ìsẹ́yìn pé aṣọ ni aṣọ, kó wo ohun tójú ẹ̀ máa rí.

Ike funfun kan tó mọ́ gaara ló fà yọ, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi. Ó ní ṣé mi ò rí i pé màá máa rí epo nínú ẹ̀ ni. Mo ní bẹntiróòlù ò ní bà á jẹ́? Ó ní òun ń tà á fáwọn ọlọ́kadà, wọn ò sì padà wá bá òun jà. Wọn ò kúkú ní padà wá! Ti ọ̀kadà ò ju ìwọ̀nba bíńtín lọ. Tèmi jẹ́ mítà méjì, inú oòrùn ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Epo á mú irú ike bẹ́ẹ̀ le gan-an, á sì là. Ojúlówó ọ́ọ̀sì epo ọkọ̀ ojú omi wà, wọ́n máa ń tẹ SAE J1527, àmì ìlànà tí wọ́n fi ṣe é, sí i lára. Mo bi í léèrè, ó wò mí bí ẹni pé èdè Tápà ni mò ń sọ.

Ihò inú tèmi jẹ́ mílímítà 8, mílímítà 10 ló gbé fún mi. "Ẹ ṣáà fi kílípù fún un pa." Ẹ fún un títí kó fẹ́ já, afẹ́fẹ́ á ṣì rí ọ̀nà gbà wọlé, ẹ́ńjìnì tó bá sì ń fa afẹ́fẹ́ dípò epo, kíkú ló máa kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì rà á. Ìyá ẹlẹ́ja ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ó tún wá ku mẹkáníìkì. Rọ́bà roboto kan wà láàárín ọ́ọ̀sì tí à ń fọwọ́ tẹ̀ kí epo lè gòkè. Wọ́n ya ọfà sí i lára, ẹ́ńjìnì ni ọfà yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí, torí apá kan ṣoṣo ni epo lè gbà kọjá nínú ẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì dojú ẹ̀ kọ táńkì! Ẹ́ńjìnì kọ̀, ó ní púlọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó ní kabúrétọ̀ ni, ó tú u palẹ̀, ó gbowó iṣẹ́ méjèèjì. Bàbá apẹja kan tó ń kọjá lọ ló béèrè pé, "Ṣé ẹ̀ ń dá epo padà sílé ni?"

A yí i padà, ẹ́ńjìnì dáhùn, a wọ omi. A ò tíì dé ìdajì tí rọ́bà náà rọ̀ pẹ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mi, tí ẹ́ńjìnì kú. Ihò mílímítà 10 ti fa afẹ́fẹ́.

Mo padà dé Òwódé láàárọ̀ yìí. Ọmọ náà ní àwọn ò kì í gba ọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ti gé padà. Bí mo ṣe ń bá a fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹnìkan dé, ó ń wá ọ́ọ̀sì jẹnẹrétọ̀. Ọmọ ò gbójú sókè kúrò lórí fóònù.

"Mítà mélòó?"