Àtúnṣe: Ìwé Ìròyìn kò ròyìn ìrìn-àjò Béhanzin lórí òkun

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àwòrán kan ń kiri lórí WhatsApp wa. Wọ́n ní Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ló kọ́kọ́ ròyìn ọkọ̀ òkun tó gbé Béhanzin, ọba Dàhòmì, lọ sí erékùṣù Martinique. Irọ́ ni. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere kan, dá ìwé náà sílẹ̀ ní 1859. Ó kógbá wọlé ní 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú. Ọdún 1894 ni àwọn Faransé gbé Béhanzin sọdá òkun. Ọdún 27 wà láàárín! Ó dùn mí, torí ìtàn ọba yìí kò nílò ayédèrú: wọ́n tún gbé e kúrò ní Martinique lọ sí Àlùjíríà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1906, kò fojú kan ilẹ̀ Dàhòmì mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ mọ́.