Ìlọ́po 60 kì í ṣe àyè láti da wàrà sọ́bẹ̀ ẹran

Wọ́n ń pín in kiri pé òfin àwọn Júù gbà kéèyàn po ohun èèwọ̀ mọ́ oúnjẹ, bí kò bá ti ju ìdá kan nínú 60 lọ. Irọ́ ni. Ohun tó ṣèèṣì bọ́ sínú ìkòkò ni òfin yìí wà fún. Bí àpẹẹrẹ, èèwọ̀ ni kí wọ́n po wàrà mọ́ ẹran; àmọ́ bí wàrà bá ṣèèṣì ta sínú ọbẹ̀ ẹran, tí ọbẹ̀ náà sì tó ìlọ́po 60 rẹ̀, adùn wàrà ti pòórá, wọ́n lè jẹ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dà á sí i kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dà á.

Àní nínú èèṣì pàápàá, odindi kòkòrò, tóun náà jẹ́ èèwọ̀, kì í pòórá lójú òfin, ì báà jẹ́ nínú ìlọ́po 1,000. Oúnjẹ oníwúkàrà, tó jẹ́ èèwọ̀ nígbà Àjọ Ìrékọjá, ńkọ́? Kí àjọ náà tó wọlé, ìlọ́po 60 tó. Tó bá ti wọlé, kò sí iye tó lè bò ó.